Awọ Kí Àwọ̀ Tó Dé: Ìtọ́jú Awọ Ẹran àti Pípa á Láró ní Kùmásì

Ìfáàrà

Nínú èdè Yorùbá, ohùn nìkan ni ó ya awọ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀. Awọ ni ohun tí ó bo ẹran lára, yálà ó ṣì wà lára ẹran náà tàbí wọ́n ti bó o, tí wọ́n sì ti fi rán bàtà. Àwọ̀ ni bí nǹkan ṣe rí sójú: pupa rẹ̀, dúdú rẹ̀, funfun rẹ̀, òun kan náà ni a sì ń lò fún ara ènìyàn. A kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì, nítorí pé ìjọra ìró nìkan kò tó ẹ̀rí nínú ìtàn ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe fara kínra bá iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín mu gidigidi. Lọ́wọ́ aláwọ, àwọ̀ tí yóò hàn lára bàtà tàbí àpò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú tán kí ẹnikẹ́ni tó gbé aró kaná.

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa awọ aláràbarà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, aró ni wọ́n sábà máa ń béèrè: níbo ni ó ti wá, ta ni ó ń tà á, ọ̀nà wo ni ó gbà dé? Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ó fo ẹnì kan dá. Ẹni náà ni ó rẹ awọ sínú omi, tí ó fá irun rẹ̀, tí ó ha ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tí ó sì ṣe é títí kò fi lè rà mọ́. Bí ọwọ́ ẹni yìí bá ṣì í, kò sí aró tí yóò tún un ṣe. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn àwọ̀ lára awọ jẹ́ ìtàn ọwọ́ tí ó tọ́jú awọ náà kí ó tó jẹ́ ìtàn aró. Ìlú Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń tọ́jú awọ àti àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ti yàtọ̀ síra jùlọ ní ti ìran, ní ti èdè àti ní ti iyì.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́jú pọ̀, a ó máa pe awọ tí wọn kò tíì fi omi èso tàbí èèpo igi tọ́jú ní awọ tútù, bí ó tilẹ̀ ti gbẹ. Èyí tí wọ́n ti tọ́jú bẹ́ẹ̀, tí omi kò lè mú kí ó rà mọ́, ni a ó máa pè ní awọ ṣíṣe. Ojú awọ ni ìhà tí irun ti hù. Ẹ̀yìn awọ ni ìhà tí ó kan ẹran.

Bí awọ ṣe dé Kùmásì

Láti ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ní ayé Osei Tutu, ni Kùmásì ti di olú-ìlú Àṣáńtì. Àárín igbó ni ìlú náà wà. Eṣinṣin tí ń fa àìsàn oorun kò jẹ́ kí màlúù gbèrú nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ tí ó sì lè gbé ibẹ̀ kéré lára. Ìlú tí kò ní ẹran tó yìí ni ó sì nílò awọ púpọ̀. Ọba àti ìjòyè Akan kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀. Bàtà ahenema ni wọ́n ń wọ̀, bíbọ́ bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀ ìjòyè sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́ lóyè. Awọ ni ìjókòó àga asipim, tí wọ́n fi ìṣó idẹ kàn mọ́ igi. Awọ ni àkọ̀ idà àti àpò ọta. Awọ náà ni wọ́n fi ń bo tírà tí àwọn àlùfáà Mùsùlùmí kọ, èyí tí àwọn jagunjagun ń rán mọ́ ẹ̀wù batakari.

Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1817, T. E. Bowdich wọ Kùmásì pẹ̀lú àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1819, ó ṣàpèjúwe àwọn balógun tí ó jáde wá pàdé wọn. Ó ní wọ́n wọ bàtà gíga tí ó dé ìdajì itan, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kéékèèké so kọ́ ìgbànú, àti pé awọ pupa tí kò dán ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ka ojú ìwé yẹn nítorí wúrà, agboorùn àti ariwo ìbọn tí ó kún inú rẹ̀. Pupa tí kò dán yẹn ni tiwa. A ó padà sí i.

Ìhà àríwá ni irú awọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, obì ni ó sì là á lọ́nà. Igbó Àṣáńtì ní obì. Ilẹ̀ Haúsá kò ní in, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ń ti Kánò àti Sókótó bọ̀ pẹ̀lú awọ, aṣọ àti kán-ún, wọ́n ń ná an ní ọjà Salaga ní ilẹ̀ Gónjà, wọ́n sì ń ru obì padà. Èdè Yorùbá pa ẹ̀rí òwò yìí mọ́: gbànja tí a ń pe irú obì yẹn jẹ́ orúkọ Gónjà gan-an, bí ahọ́n wa ṣe gbà á. Nígbà tí Heinrich Barth dé Kánò ní 1851, ó rí i pé awọ ṣíṣe àti bàtà aláwọ wà lára ọjà pàtàkì tí ìlú náà ń kó lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Kùmásì ní 1896, tí ọkọ̀ ojú irin láti Sekondi sì dé ibẹ̀ ní 1903, àwọn ará àríwá tí ó ń gbé Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, pọ̀ sí i. Haúsá ni èdè tí gbogbo wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èyí ni ó fà á tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ awọ ní Kùmásì fi jẹ́ ti Haúsá nígbà tí orúkọ ohun tí wọ́n fi awọ ṣe jẹ́ ti Twi. A ó rí i láìpẹ́ pé ìpín yìí kì í ṣe ti èdè nìkan.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí awọ kí aró tó kàn án

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé awọ ewúrẹ́ kan láti ọjọ́ tí wọ́n bó o. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀ nínú ooru, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú rẹ̀ láàrin wákàtí díẹ̀. Ihò kéékèèké tí wọ́n bá dá kì í hàn lára awọ tútù. Ọjọ́ tí aró bá kàn án ni yóò hàn, nítorí pé aró yóò rọ́ sínú ihò wọ̀nyẹn ju ibi tó kù lọ, awọ náà yóò sì rí tótòtó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tètè fi iyọ̀ ra á tàbí kí wọ́n nà án gbẹ. Ṣùgbọ́n gbígbẹ pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Awọ tí wọ́n sá mọ́lẹ̀ nínú oòrùn gangan yóò le kankan ní òde nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Àwọn okùn tínrín inú rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá wá rẹ irú rẹ̀ sínú omi, ibì kan yóò rọ̀, ibì kan kò ní rọ̀. Ibi tí omi kò wọ̀, aró kò ní wọ̀ ọ́. Abẹ́ ibòji, lórí igi tí wọ́n nà án sí, ni ó ti ń gbẹ dáadáa.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ tí ẹ̀jẹ̀, ẹrẹ̀ àti iyọ̀ ti jáde, omi eérú ni ó kàn. Eérú yóò mú kí awọ wú, kí gbòǹgbò irun sì tú. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, orí irun nìkan ni ọ̀bẹ yóò gé. Ìdí rẹ̀ àti ìdọ̀tí dúdú tí ó wà ní ìdí irun yóò kù sínú awọ. Aláró tí ó bá fẹ́ kí irú awọ bẹ́ẹ̀ pọ́n yóò rí ojú dúdú wínníwínní lábẹ́ pupa rẹ̀. Bí ó bá sì pẹ́ jù nínú eérú, ojú awọ yóò tú, yóò rí wúruwùru, aró yóò mu ún ní àmujù. Kò sí aago kan tí ó ń sọ ìgbà tí ó tó. Aláwọ yóò fa irun díẹ̀ wò: bí ó bá bọ́ láìjà, ó ti tó.

Ọ̀bẹ olọ́wọ́ méjì ni wọ́n fi ń fá irun tí wọ́n sì ń ha ẹ̀yìn awọ. Ọ̀rá ni ọ̀tá jùlọ níbí. Aró ìbílẹ̀ omi ni; omi àti ọ̀rá kì í sì í rẹ́. Ibi tí ọ̀rá bá kù sí, aró yóò yọ̀ kúrò níbẹ̀ bí òjò ṣe ń yọ̀ lórí ewé kókò. Awọ àgùntàn lọ́ràá ju ti ewúrẹ́ lọ, ojú rẹ̀ kò sì ki tó tirẹ̀. Ìdí kan nìyí tí awọ ewúrẹ́, pàápàá ti ewúrẹ́ pupa Sókótó, fi gbayì káàkiri ayé lọ́wọ́ àwọn tó ń pa awọ láró.

Ìpele tí ó tẹ̀lé èyí ni àlejò kì í fẹ́ dúró wò nítorí òórùn rẹ̀. Wọ́n á po ìgbẹ́ ẹyẹlé tàbí ti adìyẹ mọ́ omi, àwọn mìíràn á lo èèrí ọkà tí ó ti kan, wọ́n á sì rẹ awọ náà sínú rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni èyí ń ṣe. Ó ń lé agbára eérú jáde, ó sì ń mú kí awọ rọ̀ kí ó sì là sílẹ̀. Bí eérú bá kù sínú awọ, omi bàgàrúwà tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ṣókùnkùn nígbà tí ó bá pàdé rẹ̀, gbogbo awọ náà yóò sì rí bí ẹrẹ̀. Pupa tí wọ́n bá wá kùn lé e kò lè dán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìmọ́tótó ni wọ́n fi ń gbà á, pé ohun tó ń rùn lè máa ba iṣẹ́ jẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́, nítorí omi tó ń rùn yìí ni ó ń fọ awọ mọ́ fún aró.

Bàgàrúwà ni ó kàn. Èso igi náà ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń rẹ sínú omi, tí omi náà yóò fi korò, tí yóò sì pọ́n rúsúrúsú. Omi tí kò lágbára ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi awọ sí, kí wọ́n tó gbé e lọ sínú èyí tí ó le. Ẹni tí ó bá kánjú tí ó fi omi líle bẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ojú awọ yóò súnkì, yóò sì sé, inú rẹ̀ yóò wà ní tútù síbẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe náà rí bẹ́ẹ̀ ní ti gidi lórí awọ, nítorí líle ni irú awọ bẹ́ẹ̀ ń le, aró kì í sì í wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà funfun kan yóò hàn láàrin, níbi tí kò tíì di awọ ṣíṣe.

Òfin kan tún wà tí kò ṣeé fojú fò: irin kò gbọdọ̀ kan omi bàgàrúwà. Ìkòkò amọ̀ tàbí kòtò ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Lóde òní, ike náà ṣeé lò. Ìṣó onírin kan ṣoṣo tí wọ́n fi na awọ lórí pákó lè fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀ tí kò ní ṣí mọ́.

Pupa àti dúdú

Òfin irin yìí ni ó mú wa dé orí aró fúnra rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ń ba awọ pupa jẹ́ ni ó ń ṣe awọ dúdú. Láti pa awọ ní dúdú, wọ́n á kó ìdàrọ́ tàbí àjákù irin láti ilé alágbẹ̀dẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kíkan fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n á sì fi omi náà pa ojú awọ ṣíṣe. Bàgàrúwà tí ó wà nínú awọ yóò gbá irin mú, wọn yóò sì jọ di dúdú. Ẹ ṣàkíyèsí pé omi ìdàrọ́ nìkan kọ́ ni aró yìí. Ìdajì rẹ̀ ti wà nínú awọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ṣe awọ náà ni ó fi í síbẹ̀. Bí a bá fi omi ìdàrọ́ kan náà pa awọ tútù, kò ní dú bẹ́ẹ̀.

Fún pupa, pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n ń lò. Barth kọ ọ́ sílẹ̀ ní Kánò pé omi tí wọ́n fún láti ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa awọ àgùntàn láró pupa. Kò sí ẹni tí ó ti jẹun ní Kùmásì tí kò mọ aró yìí, bí ó tilẹ̀ lè má mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ewé ọkà bàbà kan náà ni wọ́n ń sè pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a ń pè ní waakye. Òun ni ó ń sọ oúnjẹ náà di pupa rúsúrúsú. Wọ́n a máa fi kán-ún díẹ̀ sí i, nítorí pé kán-ún ń mú ẹ̀wà rọ̀, ó sì ń fa àwọ̀ ewé náà jáde. Ní Bẹ̀nẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń pa wàrà ní pupa. Apigeninidin àti luteolinidin ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe àwọn èròjà tí ó ń fún un ní àwọ̀.

Kán-ún tí ó ń ran aró lọ́wọ́ yìí jẹ́ ọ̀tá awọ. Ìran kan náà ni òun àti eérú. Bí ó bá pẹ́ lára awọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa bàgàrúwà jáde, yóò sì mú èyí tó kù ṣókùnkùn. Nítorí náà kíákíá ni aláró ń ṣiṣẹ́: yóò pa á, yóò ṣàn án, yóò sá a sí ibòji. Awọ tí wọ́n ti ṣe dénú yóò fara da kán-ún fún ìwọ̀nba àkókò yẹn. Èyí tí wọn kò ṣe dénú yóò súnkì, yóò le, pupa rẹ̀ yóò sì ṣí kúrò ní ojú rẹ̀. Aláró kan náà, aró kan náà, ọjọ́ kan náà. Awọ méjì, àwọ̀ méjì.

A lè wá padà sí bàtà àwọn balógun Bowdich. Ní Yúróòpù ní àkókò yẹn, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà pa awọ ewúrẹ́ ní pupa. Wọ́n á kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù tọ́jú awọ tí ó ṣì funfun, wọ́n á fi aró kòkòrò cochineal pa á, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó fi ewé sumac tí kò ní àwọ̀ púpọ̀ ṣe é. Aró ṣáájú, ṣíṣe tẹ̀lé e. Orí funfun ni pupa yẹn gùn, nítorí náà ó tàn bí iná. Ní ilẹ̀ Haúsá àti ní àríwá Gánà, ṣíṣe ni ó ṣáájú, orí rúsúrúsú bàgàrúwà ni pupa ọkà bàbà sì gùn. Lójú tiwa, pupa tí kò dán tí Bowdich rí kì í ṣe àbùkù aláró kankan. Bí pupa ṣe ń rí lára awọ tí wọ́n fi bàgàrúwà ṣe nìyẹn, lójú ẹni tí ti Yúróòpù ti mọ́ lára. Gbólóhùn kékeré kan nínú ìwé arìnrìn-àjò jẹ́rìí sí ètò iṣẹ́ kan pátápátá, bí a bá mọ bí a ṣe ń kà á.

Kúróòmù, ilé-iṣẹ́ àti pọ̀nmọ́

Ohun méjì láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó yí iṣẹ́ yìí padà. Ní 1856 William Perkin ṣàwárí aró tí wọ́n ṣe láti ara ọ̀dà èédú. Ní 1884 Augustus Schultz gba ẹ̀tọ́ ọgbọ́n ní Amẹ́ríkà lórí fífi kúróòmù ṣe awọ. Awọ oníkúróòmù ń yá ju ti bàgàrúwà lọ, òun sì ni ó pọ̀ jùlọ lágbàáyé lónìí. Aró òyìnbó dé ọjà Kùmásì nínú páálí àti ìgò, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ sì gbà pé ìṣòro àwọ̀ ti tán.

Kò tán. Awọ oníkúróòmù a máa ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń fa irú aró tí wọ́n ń pè ní acid dye mọ́ra gidigidi. Awọ oníbàgàrúwà ń ti irú aró bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Irú kejì, tí wọ́n ń pè ní basic dye, ni ó ń gbà dáadáa, àmọ́ èyí kì í pẹ́ ṣí nínú oòrùn. Oníbàtà tí ó bá ra aró tí wọ́n ṣe fún awọ oníkúróòmù tí ó sì kùn ún lé awọ Zongo yóò rí i pé kò mú. Yóò fi kún aró, yóò ra èyí tí ó le jù, yóò sì máa dá aláró lẹ́bi. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ni kò wò: ohun tí wọ́n fi ṣe awọ.

Ìjọba pẹ̀lú ṣe irú àṣìṣe kan náà ní ìwọ̀n tí ó ga. Ní ayé Kwame Nkrumah, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ bàtà sí Kùmásì. Nínú ìwé tí Tony Killick kọ lórí ètò ọrọ̀ ajé Gánà, tí ó jáde ní 1978, a kà á pé láti ìhà àríwá, níbi tí ilé-iṣẹ́ ẹran wà, ni awọ yóò ti wá. Yóò rin ohun tí ó lé ní 500 máìlì lọ sí gúúsù, sí ibi tí wọn yóò ti ṣe é. Yóò sì tún rin nǹkan bí 200 máìlì padà sí Kùmásì kí ó tó di bàtà, kí bàtà náà tó tún gba gúúsù lọ sí ọjà Accra. Wọ́n ti pa ibi ìṣawọ náà tì nígbà tí ìròyìn náà jáde. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fi èyí ṣe àpẹẹrẹ ìnáwó tí kò lórí. Lójú aláwọ, ó tún jẹ́ àpẹẹrẹ ohun mìíràn: wọ́n fi ọ̀nà jíjìn sí àárín ọjọ́ tí wọ́n bó awọ àti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò tọ́jú rẹ̀, bí ẹni pé àkókò yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Ojú awọ ni ó ń san gbèsè irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó ń bá aláwọ du awọ màlúù, ìyẹn ni ìkòkò ọbẹ̀. Wele ni àwọn ará Gánà ń pè é, pọ̀nmọ́ ni tiwa. Iná ni wọ́n fi ń jó irun rẹ̀ kúrò. Awọ tí iná bá ti jó báyìí kò ṣeé ṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aró tí ó lè wọ̀ ọ́, nítorí pé okùn inú rẹ̀ ti yí padà. Ọ̀nà tí ẹnì kan gbà mú irun kúrò ti pinnu bóyá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ni awọ náà ń lọ tàbí inú ikùn.

Orúkọ ta ni ó kù?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀ tí èdè mẹ́ta ní fún iṣẹ́ yìí. Haúsá ya àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ́tọ̀: majemi ni ẹni tí ń ṣe awọ, majema ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, baduku sì ni ẹni tí ń fi awọ ṣe bàtà àti àpò. Twi ń pe awọ ní nhoma, ọ̀rọ̀ kan náà tí ó ń pe ìwé. Yorùbá ní aláwọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì lò fún Símónì ará Jọ́pà, ó sì ní oníṣọ̀nà, tí iyì rẹ̀ ga ní Ọ̀yọ́ ju ti aláwọ lọ. Oníṣọ̀nà ni ó ń ṣe làbà tí àwọn oníṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, tí awọ pupa rẹ̀ jẹ́ ara àmì òrìṣà náà. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá kọ̀wé lórí làbà, iṣẹ́ ọnà ojú rẹ̀ ni wọ́n ń túmọ̀. Ọwọ́ tí ó sọ awọ náà di ohun tí pupa lè wọ̀ kì í sí nínú ìtúmọ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Kùmásì. Ahenema ní orúkọ, oríṣiríṣi rẹ̀ ní orúkọ, dúdú rẹ̀ ń bá ìsìnkú lọ, aláràbarà rẹ̀ ń bá ayẹyẹ lọ. Ẹni tí ó rán an súnmọ́ ààfin. Ẹni tí ó ṣe awọ rẹ̀ wà ní Zongo, létí omi tó ń rùn, àlejò sì ni lójú òfin àti lójú ọ̀pọ̀ ará ìlú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Èjìgbò àti ìlú mìíràn, tí wọ́n ti ń ná ọjà Kùmásì láti ọdún pípẹ́, kó ẹrù wọn. Haúsá àti àwọn ará àríwá mìíràn kó tiwọn. Ọ̀rọ̀ nípa ọjà tí ó dá páropáro ni ìtàn sábà ń sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ kọ́ni, tí kò sí nínú ìwé kankan, a máa bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ ni.

Èyí kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè. Yorùbá àti Twi jọ ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ mẹ́ta tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀: funfun, dúdú, pupa, fitaa, tuntum, kɔkɔɔ. A máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé pupa Yorùbá gbòòrò, pé ó kó rúsúrúsú àti ìyeyè mọ́ra, a ó sì fi aṣọ tàbí èso ṣe àpẹẹrẹ. Awọ ni àpẹẹrẹ tí ó yè kooro jùlọ. Awọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú bàgàrúwà pupa ni. Èyí tí wọ́n ti fi ọkà bàbà pa, pupa náà ni. Èdè kò ya ìpele méjèèjì sọ́tọ̀ nípa orúkọ àwọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó fi ń yà wọ́n: rẹ, wú, fá, ha, ṣàn, nà, sá, pa. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà ń gbé inú rẹ̀, àwọn náà sì ni kì í sí nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé orúkọ nǹkan ni a fẹ́ràn láti máa kó jọ.

Ìkádìí

A ti rí i pé lábẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó hàn lára awọ, ìpinnu mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó ti ṣáájú rẹ̀: bí wọ́n ṣe gbẹ ẹ́, bí eérú ṣe pẹ́ tó, bí ọ̀rá ṣe jáde tó, bóyá agbára eérú kúrò, àti bóyá ẹ̀sọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. A rí i pé dúdú fúnra rẹ̀ kò lè wáyé láìsí ohun tí aláwọ ti fi sínú awọ. A sì rí i pé aró tuntun, ilé-iṣẹ́ ńlá àti owó ìjọba kò lè rọ́pò ìpele wọ̀nyí.

Ní Yunifásítì Kwame Nkrumah tí ó wà ní Kùmásì, tí ó bẹ̀rẹ̀ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1952, iṣẹ́ awọ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, àwọn aláwọ ìbílẹ̀ sì ń bẹ nínú ìlú kan náà. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún àwa onímọ̀ èdè ni láti lọ bá wọn létí kòtò, kí a kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ ní Haúsá, ní Twi, ní Dagbani àti ní Yorùbá, ìpele kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú orúkọ ohun èèlò kọ̀ọ̀kan àti àmì tí ọwọ́ fi ń mọ̀ pé awọ ti tó. Kí olùkọ́ tí ó bá sì gbé bàtà pupa kan wá sí kíláàsì má ṣe béèrè àwọ̀ rẹ̀ nìkan lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Kí ó béèrè ohun tí wọ́n ti ṣe sí awọ náà kí ó tó pọ́n, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀-ìṣe dáhùn.